Mẹ́nù ráìtì-kílíìkì ẹ̀kísténṣọ̀n VS Code yín ń ṣe yín bó ṣe wù ú? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó ń kọ ẹ̀kísténṣọ̀n, ìyẹn àfikún kékeré, fún VS Code tí wọ́n fi ń kọ kóòdù ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún, ẹni tó fẹ́ kí kọ́máńdì tiẹ̀ máa jáde tí èèyàn bá ráìtì-kílíìkì, tó wá kọ̀ tí ò jáde, tàbí tó jáde tí ò ṣiṣẹ́. Ká lè ní nǹkan kan tí a jọ ń wò, ká sọ pé ẹ̀kísténṣọ̀n kékeré kan wà tó ń jẹ́ `amiohun`, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó tún àmì ohùn Yorùbá tò nínú fáìlì lọ. Torí pé nínú Unicode, `á` lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ìyẹn U+00E1, ó sì tún lè jẹ́ `a` lásán tí àmì U+0301 tẹ̀ lé, ojú wa ò lè dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì ẹ ò ní rí i. JavaScript ní `normalize('NFC')` fún un, òun ló ń sọ wọ́n di ẹyọ lẹ́tà kan, ìlà kan péré. Kóòdù ẹ̀ ò le rárá. Mẹ́nù ẹ̀ ló máa ń dá èèyàn lágara.

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú package.json, mo ráìtì-kílíìkì, mi ò rí nǹkan kan. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, ṣé ọ̀rọ̀ náà ò jáde rárá ni, àbí ó jáde ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀? Wàhálà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Kí ọ̀rọ̀ jáde nínú mẹ́nù, package.json, fáìlì tí ẹ̀kísténṣọ̀n fi ń ṣàlàyé ara ẹ̀ fún VS Code, ló ni ìyẹn. VS Code máa ń ka package.json kó tó gbé kóòdù yín dìde, kódà ẹ lè pa gbogbo ohun tó wà nínú extension.ts rẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn á ṣì jókòó sínú mẹ́nù. Kó wá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni ti kóòdù. Ẹni tó bá ń da `console.log` sínú `activate` (ibi tí kóòdù ti ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀kísténṣọ̀n bá dìde) nítorí pé mẹ́nù ò jáde, ẹ bá mi sọ fún un kó sinmi.

Tó bá jẹ́ pé kò jáde, ibi tẹ́ ẹ máa wò rèé:

```json
"contributes": {
  "commands": [
    { "command": "amiohun.tunTo", "title": "Tún àmì ohùn tò" }
  ],
  "menus": {
    "editor/context": [
      {
        "command": "amiohun.tunTo",
        "when": "editorLangId == markdown",
        "group": "1_modification"
      }
    ]
  }
}
```

ID tó wà lábẹ́ `menus` gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ `commands` náà, lẹ́tà fún lẹ́tà, lẹ́tà ńlá àti kékeré ò jọra níbẹ̀, `amiohun.tunto` kì í ṣe `amiohun.tunTo`. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti kọ ọ́ sábẹ́ `commands`, VS Code ò ní fi hàn, á kàn rọra sọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pé mẹ́nù ń pe kọ́máńdì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo orúkọ ibi tẹ́ ẹ fi mẹ́nù sí. `editor/context` ni inú fáìlì tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan sí, `explorer/context` ni àwọn fáìlì tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, `editor/title/context` ni orí táàbù lókè, `editor/lineNumber/context` sì ni orí nọ́ńbà ìlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ `editor/context` kí wọ́n tó wá lọ ráìtì-kílíìkì lórí táàbù, tí wọ́n á máa bínú.

Mo ti tún un ṣe, ó ṣì wà bó ṣe wà.

Ṣé ẹ rílóòdù? Fèrèsé tó ṣí nígbà tẹ́ ẹ tẹ F5, ìyẹn Extension Development Host, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń ka package.json, nígbà tó ń dìde. Ẹ tẹ Ctrl+R nínú fèrèsé yẹn, Cmd+R lórí Mac, tàbí kẹ́ ẹ pe `Developer: Reload Window`. Inú fèrèsé yẹn o, kì í ṣe inú èyí tẹ́ ẹ ti ń kọ kóòdù.

Ohun kan tún wà tó máa ń rúni lójú. Tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ̀kísténṣọ̀n náà sórí kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀ láti inú VSIX, ìyẹn fáìlì tí wọ́n di ẹ̀kísténṣọ̀n sí, tẹ́ ẹ wá yí `publisher` tàbí `name` padà nínú package.json, VS Code ti gbà pé ẹ̀kísténṣọ̀n méjì ni. Á gbé méjèèjì dìde, ọ̀rọ̀ kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́nù, èyí tó bá sì kẹ́yìn láti forúkọ kọ́máńdì sílẹ̀ á gba ẹ́rọ̀ pé `command 'amiohun.tunTo' already exists`. Ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò, ó tán.

Gbogbo ẹ̀ pé, ID pé, ibẹ̀ pé, mo ti rílóòdù. Kò ṣì jáde.

Ọ̀rọ̀ ti di ti `when` nìyẹn, ìlà tó ń sọ ìgbà tí mẹ́nù máa jáde. Tí mo bá ní kí n sọ òdodo, ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà mẹ́nù ti ń wá, nítorí náà màá dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, ẹ yọ `when` náà kúrò pátápátá, ẹ rílóòdù, ẹ tún ráìtì-kílíìkì. Tó bá jáde, a ti mú olè. Tí kò bá jáde síbẹ̀, ẹ padà sókè, nǹkan kan wà tẹ́ ẹ fojú fò.

Ká ní ó jáde. Ẹ dá `when` yín padà, ẹ wá pe `Developer: Inspect Context Keys` látinú Command Palette, àpótí tí wọ́n ti ń wá kọ́máńdì pè. Tẹ́ ẹ bá ti pè é, máòsì yín á máa sàmì sí ibi tó bá dé, ẹ tẹ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí mẹ́nù ti jáde gan-an, ẹ wá ṣí Developer Tools, ẹ lọ sí Console, gbogbo kíì, ìyẹn orúkọ àwọn ohun tí `when` lè bèèrè, tí VS Code mọ̀ nípa ibẹ̀ lákòókò yẹn á tò sílẹ̀ níwájú yín pẹ̀lú iye wọn. Ẹ wá kíì tẹ́ ẹ lò. Bóyá kò sí níbẹ̀ rárá, bóyá ó wà ṣùgbọ́n iye ẹ̀ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò. Kọ́máńdì yìí nìkan lè gba ọ̀sán gbogbo lọ́wọ́ wàhálà, ó sì yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣe mọ̀ pé ó wà.

Àwọn ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù: `resourceExtname` máa ń gbé àmì ìdádúró ẹ̀ dání, `.md` ni, kì í ṣe `md`. Orúkọ èdè kì í ṣe orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, ti C++ ni `cpp`, ti C# ni `csharp`, ti fáìlì tsx ni `typescriptreact`, fáìlì txt lásán ni `plaintext`, ìwé ṣẹ́ẹ̀lì ni `shellscript`. `editorLangId` ń sọ nípa fáìlì tó ṣí nínú ẹ́dítọ̀, tẹ́ ẹ bá wà ní `explorer/context` tẹ́ ẹ ń ráìtì-kílíìkì fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, òun kọ́ lẹ máa lò, `resourceLangId` ni.

`resourceScheme == file` náà, gbogbo èèyàn máa ń dà á kọ látinú àpẹẹrẹ láìmọ ohun tó wà fún. Ó túmọ̀ sí fáìlì tó wà lórí díìsìkì kọ̀ǹpútà yìí. Fáìlì tuntun tẹ́ ẹ ò tíì séèfù, `untitled` ni síkíìmù tiẹ̀, èyí tó wà lórí sáfà tẹ́ ẹ bá wọlé sí láti òkèèrè, `vscode-remote` ni. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ní "ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi àfi tí mo bá ṣí fáìlì tuntun", ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Tẹ́ ẹ bá ń lo `=~` pẹ̀lú regex, ìyẹn àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀, ẹ rántí pé inú JSON lẹ wà, bákíslááṣì kan gbọ́dọ̀ di méjì: `resourceFilename =~ /\\.yo\\.md$/`. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fi síbẹ̀, `\.` ò bófin mu nínú JSON, package.json fúnra ẹ̀ á ṣàìsàn.

Mo kọ kíì náà lọ́nà tí kò tọ́, kí ló dé tí VS Code ò sọ fún mi?

Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè dá kíì tiẹ̀ sílẹ̀, VS Code ò lè mọ̀ bóyá `editorLangID` jẹ́ àṣìkọ tàbí kíì tí ẹ̀kísténṣọ̀n míì máa gbé kalẹ̀ láìpẹ́. Kíì tí kò sí kàn jẹ́ òfo, òfo sì ni irọ́, mẹ́nù ò ní jáde. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni tẹ́ ẹ bá fi `!` síwájú àṣìkọ, nítorí `!editorReadOnly` tí O ẹ̀ fi lẹ́tà ńlá sí ibi tí kò yẹ á máa jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo, mẹ́nù á máa jáde lórí fáìlì tí ò ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ ò ní tètè fura torí ẹ̀ ń rí i tó ń jáde. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an ni `editorReadonly`.

Mo fẹ́ kó jáde lórí markdown àti plaintext, ṣùgbọ́n kìkì tí èèyàn bá ti yan ọ̀rọ̀. Ó ń jáde lórí markdown láìyan nǹkan kan.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ kọ. `editorLangId == markdown || editorLangId == plaintext && editorHasSelection`. `&&` máa ń di mọ́ ara ẹ̀ kí `||` tó débẹ̀, nítorí náà `editorHasSelection` ti di ti plaintext nìkan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: `editorHasSelection && editorLangId =~ /^(markdown|plaintext)$/`. Tàbí kẹ́ ẹ kọ ìlà méjì sínú mẹ́nù, ọ̀kan fún markdown, ọ̀kan fún plaintext, kọ́máńdì kan náà. Kò rẹwà ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á lọ́dún tó ń bọ̀ á yé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi orúkọ fáìlì Yorùbá sínú `when`, bíi `resourceFilename == 'ọjà.md'`, ẹ ṣọ́ra o. `à` tó jẹ́ lẹ́tà kan àti `a` tí àmì tẹ̀ lé, lójú `==` ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Linux á tọ́jú orúkọ fáìlì bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, tí kíbọ́ọ̀dù tó tẹ package.json bá yàtọ̀ sí èyí tó tẹ orúkọ fáìlì, wọn ò ní bára mu láéláé.

Mo lo setContext, nígbà míì á jáde, nígbà míì kò ní jáde.

Bí kóòdù yín ṣe ń dá kíì tiẹ̀ sílẹ̀ kí mẹ́nù lè kà á nìyí:

```ts
vscode.commands.executeCommand('setContext', 'amiohun.setan', true);
```

Ìlà yìí ò lè ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kísténṣọ̀n yín tó dìde, ohun tó sì máa ń gbé e dìde ni ohun tó wà nínú `activationEvents`. Tó bá jẹ́ pé kìkì ìgbà tí èèyàn bá pe kọ́máńdì ló ń dìde, tí mẹ́nù tó máa pe kọ́máńdì náà sì ń dúró de kíì tó jẹ́ `activate` ló máa gbé e kalẹ̀, ẹ ti di ara yín mọ́lẹ̀ nìyẹn, ẹni kìíní ń dúró de ẹni kejì. Ẹ fi `onLanguage:markdown` sí `activationEvents`, tàbí `onStartupFinished` tó bá pọn dandan.

Èyí tí mo rí tó ń pa àwọn èèyàn jù ni pé kíì tẹ́ ẹ fi setContext gbé kalẹ̀, ti fèrèsé lódindi ni, kì í ṣe ti fáìlì kan. Ẹ yẹ fáìlì A wò, Yorùbá ni, ẹ sọ `amiohun.yorubaNi` di òótọ́, aṣàmúlò wá bọ́ sí fáìlì B tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, kíì náà ṣì jẹ́ òótọ́ torí pé ẹnikẹ́ni ò pa á. Ẹ gbọ́dọ̀ máa tún un yẹ̀ wò nínú `onDidChangeActiveTextEditor`. Ìyẹn náà ò sì ran Explorer lọ́wọ́, torí níbẹ̀ èèyàn lè ráìtì-kílíìkì fáìlì tí kò ṣí. Fún Explorer, ẹ gbé àkójọ sínú kíì dípò òótọ́ àbí irọ́, ẹ fi array àwọn ojú ọ̀nà fáìlì síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ `resourcePath in amiohun.awonFaili`. `in` ni wọ́n ṣe fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ `'true'` síbẹ̀ o, `true` tí kò ní àmì ọ̀rọ̀ ni. Orúkọ kíì náà, ẹ fi orúkọ ẹ̀kísténṣọ̀n yín síwájú ẹ̀, torí gbogbo ẹ̀kísténṣọ̀n ló jọ ń lo àpò kan náà, tẹ́ ẹ bá sọ tiyín ní `ready` lásán, ẹlòmíì lè ti sọ tiẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ti jáde, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní `command 'amiohun.tunTo' not found`.

Ẹ kú oríire, ẹ ti kúrò ní package.json díẹ̀, ẹ ti bọ́ sí ti kóòdù. Ohun tí ẹ́rọ̀ yìí ń sọ ni pé VS Code wá ẹni tó forúkọ kọ́máńdì yìí sílẹ̀ kò rí i. Bóyá ẹ̀kísténṣọ̀n yín ò dìde, bóyá ó dìde ó sì ṣubú lójú ọ̀nà kó tó dé `registerCommand`, bóyá ID tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ pe `Developer: Show Running Extensions`, ẹ wá tiyín nínú àkójọ. Tí kò bá sí níbẹ̀, kò dìde. Láti fáṣọ̀n 1.74 tó jáde fún oṣù kọkànlá 2022, kọ́máńdì tó bá ti wà lábẹ́ `contributes.commands` máa ń gbé ẹ̀kísténṣọ̀n ẹ̀ dìde fúnra ẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ kọ `onCommand:amiohun.tunTo` mọ́. Ṣùgbọ́n tí `engines.vscode` yín bá gba fáṣọ̀n tó kéré sí ìyẹn, ẹni tó bá wà lórí ẹ̀yà àtijọ́ ò ní rí i kó dìde, nítorí náà ẹ kọ `^1.74.0` tàbí kẹ́ ẹ dá `onCommand` padà.

Tó bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ́rọ̀, ẹ ka ẹ́rọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́. `Cannot find module` ló máa ń jẹ́ jù. `main` nínú package.json ń tọ́ka sí `./out/extension.js`, ẹ ò tíì kọ́ǹpáìlì, tàbí ẹ yí bọ́ńdílà (ohun tó ń kó kóòdù jọ sínú fáìlì kan) padà ó ti ń tú u sínú `dist` báyìí tí ẹ ò sì yí `main` padà.

Ẹ tún wo ìlà tó ṣáájú `registerCommand`. Tí `activate` yín bá kọ́kọ́ lọ ka fáìlì sẹ́tìn kan tàbí lọ pe íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìyẹn sì já, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi orúkọ kọ́máńdì sílẹ̀ lókè pátápátá, kí ohunkóhun míì tó bẹ̀rẹ̀.

F5 ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo di í sí VSIX, mo fi sórí kọ̀ǹpútà, mẹ́nù jáde, ó ní not found.

Nǹkan kan wà lórí kọ̀ǹpútà yín tí kò bá VSIX lọ. Ẹ ṣí `.vscodeignore`, ẹ wò ó bóyá `out/` tàbí `node_modules/` wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lo bọ́ńdílà lè yọ node_modules kúrò, ẹni tí kò lò ó kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó di í, ẹ pe `vsce ls`, vsce ni irinṣẹ́ tó ń di ẹ̀kísténṣọ̀n, á to gbogbo fáìlì tó máa wọ inú ẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Láìbrì tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ `devDependencies` nígbà tó jẹ́ pé kóòdù yín ń lò ó gan-an, òun náà ò ní bá a lọ.

Kọ́máńdì mi ń ṣiṣẹ́ láti mẹ́nù, ṣùgbọ́n tí mo bá pè é láti Command Palette ó ní `uri` jẹ́ undefined.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mẹ́nù ló ń fún kọ́máńdì ní ẹrù, ìyẹn `uri` tó jẹ́ àdírẹ́sì fáìlì, Palette kì í fún un ní nǹkan kan, ṣọ́tíkọ́ọ̀tì kíbọ́ọ̀dù náà kì í sì fún un àfi tẹ́ ẹ bá kọ `args` fún un. Ẹ̀yin lẹ máa múra sílẹ̀ fún un:

```ts
async (uri?: vscode.Uri, uris?: vscode.Uri[]) => {
  const awon = uris?.length ? uris : uri ? [uri] : [];
  if (!awon.length && vscode.window.activeTextEditor) {
    awon.push(vscode.window.activeTextEditor.document.uri);
  }
  // iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbí
}
```

Ẹ wo `uris` yẹn dáadáa. Nínú Explorer, tí aṣàmúlò bá yan fáìlì púpọ̀ kó tó ráìtì-kílíìkì, èyí tó tẹ̀ gan-an ló máa wà nínú `uri`, gbogbo èyí tó yàn á wà nínú `uris`. Ẹni tó bá ń ka `uri` nìkan, aṣàmúlò ẹ̀ á yan fáìlì rẹpẹtẹ, ọ̀kan péré ló máa tún ṣe, kò sì sí ẹ́rọ̀ kankan tó máa jáde. Irú èyí ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Tẹ́ ẹ ò bá sì fẹ́ kí kọ́máńdì náà hàn nínú Palette rárá, `when` tẹ́ ẹ kọ sí `editor/context` ò kan Palette o, ẹ gbọ́dọ̀ kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ sábẹ́ `commandPalette` nínú `menus`, pẹ̀lú `"when": "false"`.

Báwo ni mo ṣe máa mú un wá sókè? Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.

`group` ni. `navigation` ló máa ń wà lókè pátápátá. Nínú `editor/context`, lẹ́yìn ẹ̀ ni `1_modification`, kí `9_cutcopypaste` tó kàn, `z_commands` tí Command Palette wà nínú ẹ̀ ló kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tò wọ́n nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹ fi `@` àti nọ́ńbà sí i, bíi `1_modification@2`. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi `navigation` sílẹ̀ fún Go to Definition àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, mẹ́nù kì í ṣe ti ẹ̀kísténṣọ̀n yín nìkan, tí gbogbo wa bá gbé tiwa sókè kò sí ẹni tó máa rí nǹkan kan mọ́.

Submenu mi, ìyẹn mẹ́nù inú mẹ́nù, ò jáde.

Ibi mẹ́ta ló ti gbọ́dọ̀ hàn: lábẹ́ `submenus` pẹ̀lú `id` àti `label`, nínú mẹ́nù tó máa gbé e bíi `editor/context` pẹ̀lú `"submenu": "amiohun.akojo"`, àti bíi mẹ́nù fúnra ẹ̀ lábẹ́ `menus`, níbi tí `amiohun.akojo` ti di orúkọ ibi tẹ́ ẹ ń to kọ́máńdì sí. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Submenu tó bá ṣófo kì í jáde, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí `when` gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ bá jẹ́ irọ́.

Áíkọ́nù mi ò hàn nínú mẹ́nù.

Kò ní hàn. Mẹ́nù ráìtì-kílíìkì kì í gbé áíkọ́nù. Ó ń hàn nínú `editor/title` àti `view/title` tí `group` bá jẹ́ `navigation`, àti nínú `view/item/context` tó bá jẹ́ `inline`.

Ó jáde, ṣùgbọ́n ó ṣá, kò ṣeé tẹ̀.

`enablement` nìyẹn, ó wà lórí kọ́máńdì fúnra ẹ̀ lábẹ́ `commands`. `when` ń fi pa mọ́, `enablement` ń fi hàn ṣùgbọ́n ó ń dè é. Kíì kan náà làwọn méjèèjì ń kà, nítorí náà gbogbo ohun tí mo sọ nípa `when` kàn án.

Mo ní Tree View tèmi, ìyẹn àkójọ tó ní ẹ̀ka bí igi, mẹ́nù mi ń jáde lórí tree ẹlòmíì.

`view/item/context` wà fún gbogbo tree tó wà nínú VS Code, kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ `view == amiohun.awonIwe` sínú `when` nígbà gbogbo. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa fi `&& viewItem == iwe` sí i, `viewItem` yẹn sì ń wá láti `contextValue` tẹ́ ẹ fún `TreeItem`. Tẹ́ ẹ bá yí `contextValue` padà tẹ́ ẹ ò sì ta `onDidChangeTreeData` lólobó, ti àtijọ́ ni VS Code á máa rí. Tí ohun kan bá ní ipò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ká ní ó jẹ́ ìwé tó sì tún ní àṣìṣe, ẹ kọ `iwe.asise` sí `contextValue`, kẹ́ ẹ fi `viewItem =~ /asise/` mú un.

Inú webview, ojú ewé HTML tí ẹ̀kísténṣọ̀n ń ṣí, ńkọ́?

`webview/context` ni, pẹ̀lú `webviewId == 'orúkọ viewType yín'`. Nínú HTML, ẹ fi `data-vscode-context` sórí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́, JSON ni wọ́n ń kọ sínú ẹ̀, kíì tó wà níbẹ̀ á di èyí tí `when` lè kà. Tẹ́ ẹ bá fi `"preventDefaultContextMenuItems": true` sí i, àwọn Copy àti Paste tí VS Code ń fi síbẹ̀ fúnra ẹ̀ á kúrò.

Ṣé mo lè yọ Cut àti Copy kúrò, tàbí kí n máa yí àkọlé kọ́máńdì mi padà bí nǹkan ṣe ń lọ?

Rárá sí ti àkọ́kọ́, ẹ̀kísténṣọ̀n ò lè yọ ohun tí kò fi síbẹ̀ nínú mẹ́nù ẹ́dítọ̀. Ẹ̀kejì, àkọlé kì í yí padà, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ kọ́máńdì méjì, "Fi àmì hàn" àti "Fi àmì pa mọ́", tí `when` wọn ta ko ara wọn.

Lórí kọ̀ǹpútà mi ó pé. Aṣàmúlò kan ní òun ò rí mẹ́nù náà rárá.

Ẹ bi í bóyá Restricted Mode ló wà. Láti 1.57 ní 2021 ni Workspace Trust ti wà, tí ẹni yẹn bá ṣí fódà tó sì ní òun ò fọkàn tán an, ẹ̀kísténṣọ̀n tó ní kóòdù tí kò kọ `capabilities.untrustedWorkspaces` sínú package.json ẹ̀, VS Code á pa á tì, mẹ́nù ẹ̀ á bá a lọ. Ẹ bi í bóyá vscode.dev, VS Code inú bùráúsà, ló ń lò, torí níbẹ̀ `main` nìkan ò tó, `browser` ni wọ́n ń kà. Ẹ bi í bóyá ó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa bọ́tìnì kan mọ́ lórí ọ̀pá òkè, àṣẹ `View: Reset All Menus` á dá a padà.

Tí gbogbo ìyẹn ò bá ran yín lọ́wọ́, ẹ ní kó pe `Help: Start Extension Bisect`. VS Code á máa pa ìdajì àwọn ẹ̀kísténṣọ̀n ẹ̀, á bi í bóyá wàhálà náà ṣì wà, títí á fi ku ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó fi èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú ohun tó wà nínú `Help: About`, nítorí "kò ṣiṣẹ́" nìkan ò ní mú ẹnikẹ́ni débi kankan.